Oró oyin pa jẹjẹrẹ ọyàn: nínú abọ́ láàbù ni, àbí nínú ara èèyàn?

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà balẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ni wọ́n fi ránṣẹ́. “Wọ́n ti rí oògùn jẹjẹrẹ ọyàn o! Oró oyin ni! Láàárín wákàtí kan gbogbo ẹ̀ á ti kú! Fi ránṣẹ́ sí obìnrin mẹ́wàá.” Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè mí. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí ìsọ̀ wọn jọ fara kanra ń gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, lọ́wọ́. Dókítà sọ fún un pé èyí tó le nínú jẹjẹrẹ ọyàn ni tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní triple negative. Kẹ́mò náà ti tán an lókun, irun orí rẹ̀ ti re dànù. Ìbéèrè Àǹtí ò gùn rárá: “Ṣé kó kúkú lọ wá àwọn tó ń sin oyin ni?”

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó dáhùn ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìwádìí oyin yẹn wáyé lóòótọ́. Ibi tó ti wáyé ni ẹni tó kọ ọ́ gbójú fò. Mo máa débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àrùn tí à ń sọ, torí bí a ò bá mọ ohun tí oògùn ń wá lára rẹ̀, gbogbo ìròyìn oògùn á máa dà bí ìyanu.

Kí ló ń jẹ́ triple negative?

Ara wa kún fún ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì máa ń pín sí méjì láti fi rọ́pò èyí tó ti gbó, tó bá sì tó, á dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í dúró. Ó ń pín ṣáá, ó sì lè kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ dá ibùdó sínú ẹ̀dọ̀fóró, eegun tàbí ọpọlọ.

Ẹ wá fojú inú wo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn bí ilẹ̀kùn. Lára púpọ̀ nínú wọn, ihò kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Ọ̀kan wà fún estrogen, ọ̀kan fún progesterone, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni HER2, purotíìnì kan tó máa ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa dàgbà. Inú dókítà máa ń dùn tó bá rí ọ̀kan nínú ihò wọ̀nyí, torí ibẹ̀ ló máa gbà bá àrùn náà jà. Tamoxifen, oògùn oníhóró tó ti wà lórí igbá láti àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dí ihò estrogen pa. Herceptin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, ihò HER2 ni tirẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn dókítà gé ẹran díẹ̀ lára kókó ọyàn, wọ́n gbé e lọ sí láàbù, wọ́n wá ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò rí ọ̀kankan. Àìrí yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: kò sí ti àkọ́kọ́, kò sí ìkejì, kò sí ìkẹta.

Ẹ dákun, ẹ má gbọ́ “negative” kí ẹ bẹ́ sọ́pẹ́. Ó ti mọ́ wa lára pé èsì àyẹ̀wò tó bá ní negative, ijó ló kàn. Níbí, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà mẹ́ta tí oògùn tí a mọ̀ ì bá gbà wọlé kò sí níbẹ̀.

Nínú 100 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, bíi 10 sí 15 ló jẹ́ oríṣi yìí. Ó máa ń yára dàgbà, ó máa ń mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀, tó bá sì máa padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú, láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń padà. Ẹni tó bá ti kọjá ọdún 5 láìrí i mọ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti dín kù gidi. Ọ̀pọ̀ ni kì í sọ apá ìkẹyìn yìí fún aláìsàn, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ.

Kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn obìnrin wa ló ń mú jù?

Ní Amẹ́ríkà, ewu pé kí oríṣi yìí mú obìnrin aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti obìnrin aláwọ̀ funfun. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà, léraléra ni àwọn olùwádìí ń rí i pé ó pọ̀ láàárín wa ju bó ṣe pọ̀ ní Yúróòpù lọ.

Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì wà ní Yunifásítì Chicago. Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn tẹ èsì kan jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí i pé 167 nínú wọn, ìyẹn bíi 15 nínú 100, ló jogún jíìnì (àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́) tó ní àbùkù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jíìnì náà ni BRCA1: 7 nínú 100 obìnrin yẹn ló ní i. Triple negative sì ni jẹjẹrẹ tí BRCA1 tó bàjẹ́ sábà máa ń fà.

Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa: ọ̀pọ̀ ni kò jogún ohunkóhun tí àrùn náà ṣì mú. Ẹni tó bá sì jogún rẹ̀, ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Tí àbúrò bàbá yín obìnrin bá ti ní i rí, ẹ má sọ pé “ìdílé ìyá mi ò ní i.” Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló yẹ kó gbọ́, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Kẹ́mò ńkọ́, ṣé ó ti di àtijọ́?

Rárá o. Òun ṣì ni òpó tó gbé ilé dúró. Oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pín ni kẹ́mò, kò sì bèèrè ihò kọ́kọ́rọ́ kankan. Sẹ́ẹ̀lì irun ń yára pín, ti inú ìfun náà ń yára pín, ìdí nìyí tí irun fi ń re tí èébì sì ń gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí triple negative ti le náà ni ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́: bó ṣe ń yára pín tó yẹn ló ṣe jẹ́ pé kẹ́mò máa ń yọ́ ọ bí òrí nígbà míì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fún aláìsàn ní kẹ́mò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n lè rí i bóyá kókó náà ń yọ́. Tí wọ́n bá là á tí wọn ò rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan mọ́, àmì rere gan-an ni.

Mo mọ àwọn tó máa sọ pé, “Òyìnbó ò fẹ́ràn ewé àti egbò.” Ó dáa. Paclitaxel, ọ̀kan nínú kẹ́mò tí wọ́n ń lò jù fún jẹjẹrẹ ọyàn, èèpo igi ni wọ́n ti rí i. Ní 1962 ni wọ́n bó èèpo igi yew ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà lọ fún àyẹ̀wò. Ọdún 1992 ni ìjọba ibẹ̀ tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ibi ẹyin obìnrin, 1994 fún ti ọyàn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko, láti èèpo igi dé inú abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ìkórìíra ewé ló fa ìdádúró. Wọ́n ní láti mọ èwo gan-an nínú ohun tó wà nínú èèpo náà ló ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n tó ń wo àìsàn àti ìwọ̀n tó ń pa aláìsàn. Àwọn méjèèjì yìí kì í jìnnà síra wọn.

Oògùn tuntun wo ló ti kọjá abọ́, tó ti ran obìnrin lọ́wọ́?

Mẹ́ta ni mo fẹ́ mú, torí ọgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ìwé àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní DNA, ojoojúmọ́ ló sì ń ya bí aṣọ tí a ń wọ̀ lọ oko. Télọ̀ méjì ló ń tún un ṣe. BRCA ni ọ̀gá, òun ló ń rán èyí tó bá fà ya sí méjì. PARP ni ọmọ iṣẹ́, àbùlẹ̀ kéékèèké ni tirẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ obìnrin tó jogún BRCA tó bàjẹ́, ọ̀gá ò sí ní ìsọ̀ mọ́, ọmọ iṣẹ́ nìkan ló ku. Oògùn tó ń jẹ́ olaparib wá de ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ibi tó ya díẹ̀ di ibi tó ya pátápátá, kò sẹ́ni tó máa rán an, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà á kú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara tó kù ṣì ní ọ̀gá, nítorí náà wọ́n á rọ́nà gbé e gbà. Èmi ò rí ọgbọ́n tó dùn mọ́ mi nínú báyìí rí: àléébù tó bí àrùn náà ni wọ́n fi mú un. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2018 fún jẹjẹrẹ tó ti tàn ká. Nígbà tó di 2021, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún obìnrin tó ní àbùkù BRCA, tí tiwọn ò tíì tàn ká ṣùgbọ́n tó léwu, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 3, bíi 86 nínú 100 lára àwọn tó lo olaparib fún ọdún kan ni àrùn náà ò padà sí lára. Lára àwọn tó lo oògùn òfìfo, ìyẹn hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, 77 ni.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ajá àti olè. Ara wa ní ajá tó ń ṣọ́ ọgbà: àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Olè lásán bá wọlé, ajá á bù ú jẹ. Jẹjẹrẹ kì í ṣe olè lásán, inú ilé yìí ni wọ́n ti bí i, ó mọ orúkọ ajá. Tó bá ti pe ajá lórúkọ, ajá á jùrù, á dùbúlẹ̀. Pembrolizumab, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Keytruda, ń dí ajá létí. Ajá ò gbọ́ ìpè mọ́, ó dìde. Ní 2021 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú kẹ́mò fún triple negative tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àmọ́ tó léwu. Lẹ́yìn ọdún 5, bíi 87 nínú 100 ló ṣì wà láàyè lára àwọn tó gba kẹ́mò pẹ̀lú rẹ̀. Lára àwọn tó gba kẹ́mò nìkan, 82. Obìnrin 5 nínú 100 nìyẹn. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àfi tí ìyá ẹni bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ajá tí a dí létí lè bu ọmọ ilé náà jẹ: oògùn yìí lè mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹṣẹ́ ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù jà, àwọn nǹkan kan nínú rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́.

Ìkẹta, ẹni tó bá ti pa eku rí mọ̀ ọ́n. A kì í da oògùn eku káàkiri ilé; inú ẹja là ń fi sí, eku á gbé e mì fúnra rẹ̀. Ojú ara ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì triple negative ní purotíìnì kan tó ń jẹ́ Trop-2. Sacituzumab govitecan, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Trodelvy, máa ń lẹ̀ mọ́ Trop-2, sẹ́ẹ̀lì náà á fà á wọlé, kẹ́mò tó le gan-an tí wọ́n so mọ́ ọn á sì tú sí i nínú. Ní 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn obìnrin tí àrùn wọn ti tàn ká, tí oògùn méjì ó kéré tán ti kùnà lára wọn, ni wọ́n fi dán an wò. Ìdajì nínú àwọn tó gbà á gbé ju oṣù 12 lọ; nínú àwọn tó gba kẹ́mò lásán, oṣù 6 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni. Kì í ṣe ìwòsàn o. Àkókò ni. Mo kórìíra bí àwọn ìwé ìròyìn kan ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn bí ẹni pé àrùn náà ti lọ.

Ṣé ohun tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí kì í yẹ̀ mọ́?

Ó ń yẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2019, Amẹ́ríkà sáré fọwọ́ sí oògùn kan tó jọ Keytruda, atezolizumab, fún triple negative tó ti tàn ká, torí ìwádìí àkọ́kọ́ dára. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ tó ni oògùn náà ṣe ìwádìí òmíràn láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òmíràn yẹn ò bá ti àkọ́kọ́ mu. Ní 2021, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yọ ọwọ́ oògùn náà kúrò nínú àrùn yìí ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan á rí èyí, wọ́n á ní “ṣé ẹ rí i pé wọn ò mọ nǹkan kan.” Èmi rí òdìkejì rẹ̀. Àgbo tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ èrò Ìwó Road, ta ló padà wá sọ fún yín rí pé àwọn tún un dán wò, kò sì ṣiṣẹ́?

Oró oyin wá ńkọ́?

Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2020, àwọn olùwádìí ní Harry Perkins Institute, ní ìlú Perth, Ọsirélíà, tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ciara Duffy ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n gba oró lára oyin àti àwọn ìbátan rẹ̀ kan tó máa ń kùn wùù, 312 lápapọ̀, ní Ọsirélíà, Ireland àti England. Wọ́n da oró náà sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́ láàbù. Ti oyin gidi pa sẹ́ẹ̀lì triple negative. Ti ìbátan rẹ̀ ò pa á. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà ń jẹ́ melittin, ó ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì ní ihò, ó sì lè bà á jẹ́ pátápátá láàárín wákàtí kan. Ibí ni “wákàtí kan” inú àtẹ̀jíṣẹ́ Àǹtí ti wá. Wọ́n tún dán melittin wò pẹ̀lú kẹ́mò lára eku, kókó ara eku náà ò sì yára dàgbà mọ́.

Abọ́, lẹ́yìn náà eku. Ibi tí wọ́n dúró sí nínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Kò sí obìnrin kankan nínú rẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀? Omi bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun máa pa jẹjẹrẹ nínú abọ́ kíákíá. Nínú abọ́, kò sí ọkàn, kò sí ẹ̀dọ̀, kò sí kíndìnrín tí oògùn lè bà jẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Oyin tó bá sì ta èèyàn tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó lè pa á kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn olùwádìí ni bí melittin ṣe máa dé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ nìkan láìlu ìyókù ara ní ihò.

Tí oògùn bá kúrò lára eku, ìpele mẹ́ta ló sábà máa ń là lára èèyàn. Ní àkọ́kọ́, èèyàn díẹ̀ ló ń gbà á, ìbéèrè ibẹ̀ sì ni “ṣé kò ní pa wọ́n, kí sì ni ìwọ̀n rẹ̀?” Ní ìkejì, wọ́n á wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ rárá. Ìkẹta ló le jù: ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, ìdajì á gba tuntun, ìdajì á gba èyí tó ti wà, wọ́n á sì dúró fún ọdún pípẹ́. Nínú oògùn mẹ́wàá tó bá dé ara èèyàn, bíi mẹ́sàn-án ni kì í jáde síta.

Ìròyìn “abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹjẹrẹ ọyàn” tó tún ń lọ káàkiri, ìpele àkọ́kọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà, ní 2021. Ọgbọ́n rẹ̀ dára: purotíìnì kan wà tí ọyàn máa ń ṣe kìkì nígbà tí ìyá bá ń fún ọmọ lọ́mú, tó sì tún máa ń yọjú nínú ọ̀pọ̀ triple negative. Ẹni tí kò tún ní fún ọmọ lọ́mú mọ́, wọ́n fẹ́ kọ́ ara rẹ̀ láti kọlu ohunkóhun tó bá gbé purotíìnì yẹn jáde. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ni obìnrin tí wọ́n ti tọ́jú triple negative wọn, tí ẹ̀rù ń bà pé ó lè padà. Ẹ máa fi ojú sọ́nà. Ẹ má tíì lọ béèrè rẹ̀ ní kẹ́míìsì.

Èwo la lè rí lò nílé?

Ọ̀rọ̀ owó ló wà níbí, mi ò ní fi dídùn bò ó. Kẹ́mò ìpìlẹ̀ wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa. Àwọn tuntun, pàápàá Keytruda àti Trodelvy, owó wọn ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, àpò ara wọn sì ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà ti ń san owó ìtọ́jú. Èyí tó tún ń dùn mí ju ìyẹn lọ ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú nínú àwọn ìwádìí ńlá tí mo ka iye wọn sókè yìí, nígbà tó jẹ́ pé àwa ni àrùn náà ń bá fínra jù.

Ohun kan wà tí owó rẹ̀ ò tó ti oògùn, tí a sì ń fò dá: àyẹ̀wò ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Àwọn kan ti gba kẹ́mò dé ìdajì kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n ní. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe biopsy fún, ìyẹn gígé ẹran díẹ̀ lára kókó fún àyẹ̀wò, kó béèrè èsì ER (ihò estrogen), PR (ihò progesterone) àti HER2, kó sì gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́. Tó bá jẹ́ triple negative, kó béèrè bóyá ó yẹ kó ṣe àyẹ̀wò BRCA, torí ìyẹn ló máa sọ bóyá olaparib bá a mu, òun náà ló sì máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́.

Mo ka gbogbo èyí fún Àǹtí lórí fóònù, mo gé e kúrú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé kí àwọn pa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn rẹ́ ni? Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n kàn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé inú abọ́ àti lára eku ni. “Ọ̀rẹ́ mi yìí wá ńkọ́?” Mo béèrè ìgbà tí kẹ́mò rẹ̀ tó kàn bọ́ sí. Ọjọ́bọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn á ti ìsọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn á bá a lọ.